Kí Wọ́n Tó Yọ Ojú, Ìwọ Yọjú Ná

Ó pẹ́ tí ìyá mi ti ń sọ fún mi pé mo sanra. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Dúpẹ́ àbúrò mi á gbé fóònù síwájú wọn nínú ilé wa ní Ọ̀kà, èmi náà á gbé tèmi síwájú níhìn-ín nílẹ̀ òyìnbó, a ó sì máa wo ara wa. "O ti sanra o!" ni wọ́n á wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti kún. Olúwa, o ṣé." Èmi tí mo ti ń fi okùn so síkẹ́ẹ̀tì tí mo gbé láti ilé wá á rẹ́rìn-ín. Màá ní, "Àdúrà yín ló ń gbà, Ìyé." Ìyé ni à ń pè wọ́n nílé wa. Bí a bá ti sọ̀rọ̀ títí, tí ó ku ká dágbére, wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè ní gbogbo ìgbà: "Ìgbà wo lo máa yọjú?" Èmi náà á fún wọn ní èsì tí mo ń fún wọn ní gbogbo ìgbà: "Láìpẹ́, Ìyé."

Ìyé kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣìnà tẹ́lẹ̀. Obì ni wọ́n ń tà. Wọ́n á lọ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Àjọwá àti Afin, wọ́n á kó o wálé nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí, wọ́n á ṣà á kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Ṣíṣà yẹn gan-an niṣẹ́. Wọ́n á mú obì kan, wọ́n á gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra á lára. Kòkòrò kì í fi ihò ńlá wọ inú obì. "Èyí tó ń dán jù ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa," ni wọ́n máa ń sọ fún èmi àti Dúpẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a jókòó tì wọ́n nídìí apẹ̀rẹ̀. "Kòkòrò náà mọ ohun tó dára." Àwọn oníbàárà wọn kì í yẹ obì wọn wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó ń rí ihò kòkòrò lára obì ló wá ń sọ pé mo sanra. Ojú ti ń lọ nìyẹn, a ò mọ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò ìlú náà kì í rọ̀ tán, kì í sì í rọ̀ dáadáa. Ní Ọ̀kà, bí òjò bá ń bọ̀ láti orí òkè, ẹ ó gbúròó rẹ̀ lórí páànù àwọn ará òkè kí ó tó kàn yín, ẹ ó ráyè kó aṣọ. Ti ibí kì í pariwo. Ẹ ó kàn rí i pé ara yín ti tutù.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, torí wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tẹ́lẹ̀ nílé. Orúkọ ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, ọ̀gá mú mi lọ síwájú ìyá arúgbó kan tí irun orí wọn ti funfun báláú, ó ní, "Dọ́rọ́tì nìyí." Mo dúró kí ó parí orúkọ náà. Ó ti parí rẹ̀. Èmi tí wọ́n bí ní Ọ̀kà, tí wọ́n ti gbá létí rí nítorí pé mo pe ọmọ tó fi ọdún kan jù mí lọ lórúkọ lásán, èmi náà ni kí n máa pe ẹni tó ju ìyá mi lọ ní Dọ́rọ́tì! Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè wọ́n ní Màmá.

"Èmi kì í ṣe ìyá rẹ," ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, wọ́n sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo mọ̀, Màmá," ni mo wí.

A fà á bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ tuntun kan wọlé, ó kí wọn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Dọ́rọ́tì, ṣé o sùn dáadáa?" Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. "Màmá ni orúkọ mi níhìn-ín," ni wọ́n wí. Mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ rẹ́rìn-ín, ẹkún sì tẹ̀ lé ẹ̀rín náà láìròtẹ́lẹ̀.

Mo wá àwọn tiwa kàn pẹ̀lú. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọrin, mo gbọ́ orin náà lójú pópó, ẹsẹ̀ mi sì yà bàrá láìbi mí. Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan fà mí lọ́wọ́, ó bu ìrẹsì fún mi, ó ní, "Àǹtí, níbo nílé?"

"Ọ̀kà Àkókó."

"Àkókó?" Ó ronú díẹ̀. "Ṣé Yorùbá ni Àkókó? Mo ṣe bí ẹ ní èdè tiyín tí ẹ ń sọ?"

Kò kúkú purọ́. Àwọn ìlú kan wà lágbègbè wa tí àwọn aládùúgbò wọn kò gbọ́ èdè wọn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pàdé lọ́jà Ìkàrẹ́ ni wọ́n á tó fi Yorùbá ná ọjà. Àwa ará Ọ̀kà náà, bí a bá ń sọ tiwa tí kò sí àlejò níbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn á la ẹnu sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ká mi lára. Mo gbéra láti Ọ̀kà títí dé ilẹ̀ òyìnbó kí ọmọ Yorùbá tó bi mí bóyá Yorùbá ni mí! Nílé, ẹnikẹ́ni kì í bi mí níbo nílé. Ọmọ Ìyá Olóbì ni mí, ọ̀rọ̀ parí. Mo jẹ ìrẹsì náà tán, ó dùn, mo sì padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, torí ẹni tí àárò ilé ń sọ kì í bínú sí oúnjẹ.

Ọdún tí mo dé síbí ni ojú òsì Ìyé dá wàhálà sílẹ̀. Dúpẹ́ ló pè mí láti Àkùngbá, níbi tó ti ń ta ìwé àti bírò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ó ní orí ń fọ́ Ìyé gan-an, wọ́n ń bì, ojú wọn kan sì pọ́n. Ibà ni gbogbo wa pè é. Nílé wa, bí orí bá ń fọ́ èèyàn tó sì ń bì, kí ni à bá tún pè é? Kẹ́míìsì àdúgbò ta oògùn ibà fún wọn, wọ́n lò ó, wọ́n dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, ìrora náà lọ, a dúpẹ́. Ojú òsì náà kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Ìyé ní ọjọ́ orí ni. "Ọ̀kan ṣì wà," ni wọ́n wí. "Ṣé ojú méjì ni mo fi ń ṣa obì ni?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni oníbàárà kan ní Ìkàrẹ́ dá obì padà fún wọn. Kòkòrò wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ Ìyé. Dúpẹ́ sọ ọ́ fún mi bí ẹní ń sọ àwàdà, èmi náà sì fi rẹ́rìn-ín.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn, Màmá Dọ́rọ́tì ló la ojú wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé bí iná bá tàn ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ń rí òṣùmàrè yí i ká. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n di orí mú, ojú wọn pọ́n, wọ́n sì bì sí ara mi. A sáré gbé wọn dé ilé ìwòsàn, èmi ni mo sì tẹ̀ lé wọn. Dókítà ojú kán oògùn sí i, ó fún wọn ní èyí tí wọ́n gbé mì, ara wọn sì balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún èmi àti Màmá bí ẹní ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Ó ní inú ojú èèyàn máa ń pèsè omi tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe omijé, omi inú lọ́hùn-ún ni. Ọ̀nà tóóró kan wà létí ẹyin ojú tí omi náà ń gbà jáde. Jígí kan sì wà láàárín ojú, tí à ń gbà ríran. Bí èèyàn bá ń dàgbà, jígí yìí á máa ki sí i. Ní ojú àwọn kan tí àyè ibẹ̀ kéré, á ti awọ iwájú rẹ̀ síwájú títí awọ náà á fi dí ọ̀nà omi. Omi á máa wọlé, kò ní jáde. Ojú á le bí òkúta, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Gulukóòmà ni wọ́n ń pè é, oríṣi kan lára rẹ̀. Ó ní oògùn á mú kí omi náà rọlẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ohun tó dáa jù fún Màmá ni iṣẹ́ abẹ kan náà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tí jígí ojú wọn ṣú, tí à ń pè ní kataráàtì: kí wọ́n yọ jígí tó ti ki yẹn, kí wọ́n fi pẹlẹbẹ kan síbẹ̀. Àyè á ṣí, omi á sì rọ́nà gbà.

Mo bi í pé, "Ṣé ó máa ń mú èèyàn bì bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Dáadáa ni. Àwọn mìíràn á rò pé àìsàn inú ni."

Ojú òsì Ìyé ni mo rí. Mo mú fóònù, mo jáde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn ni mo ti pe ilé. Ìyé ló gbé fóònù fúnra wọn. Mi ò tiẹ̀ kí wọn dáadáa.

"Ìyé, bí ẹ bá wo iná ní ìrọ̀lẹ́, kí lẹ ń rí?"

"Iná ni. Ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan tó yí i ká?"

"Ta ló sọ fún ọ?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Òṣùmàrè máa ń yí i ká. Ó rẹwà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má lọ ní mo ti ń ríran bíi wòlíì."

"Ojú wo, Ìyé?"

"Ọ̀tún. Òsì kò rí iná ọ̀hún dáadáa mọ́."

Mo pariwo débi pé nọ́ọ̀sì kan yọ orí síta wò mí. Mo ní kí wọ́n fún Dúpẹ́ ní fóònù. Mo ní, "Dúpẹ́, Ọ̀wọ̀ ni! Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ má wẹ̀, ẹ má jẹun, ẹ gbé Ìyé lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Ọ̀wọ̀!"

Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n èrò pọ̀, ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí ó tó kàn wọ́n. Dókítà tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, tó ń fi sùúrù ṣiṣẹ́. Ó yẹ ojú méjèèjì wò. Ó ní iṣan ojú òsì ti kú púpọ̀, a ò lè jí i. Ti ọ̀tún ṣì dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà omi rẹ̀ ti fẹ́ dí tán, jígí inú rẹ̀ sì ti ki, ó ti ṣú bíi gíláàsì àtùpà tí èéfín bò. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí i, ó sì ní kí wọ́n tètè padà wá fún iṣẹ́ abẹ. Dúpẹ́ ń sọ gbogbo èyí fún mi lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ ohùn Ìyé lẹ́yìn rẹ̀.

"Mẹ̀ẹ́ lọ! Sọ fún un pé mẹ̀ẹ́ lọ!"

"Kí ló dé?" ni mo bi Dúpẹ́.

"Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan mọ́. Wọ́n ní dókítà fẹ́ yọ ojú àwọn."

Ìyé gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ! Ó ní, 'Màmá, a máa yọ lẹ́ńsì ojú yín, a ó fi tuntun síbẹ̀.' Ojú kan ṣoṣo tó kù fún mi ni wọ́n fẹ́ yọ! Tuntun wo? Níbo ni wọ́n ti ń ta ojú tuntun? Ṣé ti ewúrẹ́ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyé kò mọ̀ pé jígí inú ojú ni lẹ́ńsì. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin yẹn fi pẹ̀lẹ́tù sọ, *yọ* àti *ojú* nìkan ló wọ etí wọn.

"Ìyé, ẹ farabalẹ̀. Ẹ rántí balùwẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa? Ihò tó wà nídìí ògiri, tí omi ń gbà jáde?"

"Èyí tí o máa ń fi ẹsẹ̀ dí, tí omi á kún dé kókósẹ̀."

"Òun náà. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnìkan gbé ìkòkò kan sínú balùwẹ̀ yẹn, ìkòkò náà sì ń tóbi sí i lọ́dọọdún. Ó ti tóbi débi pé ó ti aṣọ ìkélé mọ́ ògiri, aṣọ náà ti bo ihò. Omi ń wọlé, kò ríbi jáde. Kí lẹ máa ṣe?"

"Màá gbé ìkòkò kúrò níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ìkòkò ṣe ní balùwẹ̀?"

"Ìkòkò yẹn ni dókítà fẹ́ gbé. Kò ní wó ilé. Ojú yín ń bẹ níbi tó wà. Jígí kan báyìí tó wà nínú rẹ̀, tó ti wú jù, ni wọ́n á yọ, wọ́n á fi tín-ín-rín kan rọ́pò rẹ̀ tí ẹ ó máa gbà ríran."

Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké nínú àgbàlá wa.

"Ìyá arúgbó tí o ń tọ́jú un, ṣé wọ́n ṣe é fún un?"

"Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n tún ti rí i pé mi ò gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn dáadáa."

Ìyé rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ṣe bí a ti bọ́. Àfi bí wọ́n ṣe ní, "Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Abẹ ni abẹ ń jẹ́. Bí òsì bá wà, mi ò ní sọ ọ́. Ojú kan ni mo ní, bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé kò bọ́ sí i, ìwọ ni mo fẹ́ kó rí gbẹ̀yìn. Wá sí ulé. Kí wọ́n tó yọ ojú, ìwọ yọjú ná."

Mi ò lè yọjú. Ìwé tí mo fi ń gbé níhìn-ín wà lọ́wọ́ ìjọba wọn, wọ́n ń tún un ṣe. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dá a padà, ilẹ̀kùn ti tì sẹ́yìn mi nìyẹn, iṣẹ́ tí à ń fi ra oògùn ojú náà á sì bá a lọ. Ẹ wá wò ó: ohun tó ń jẹ́ kí n lè ran ojú Ìyé lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí ojú náà rí mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé kò kúrò níwájú mi. Bí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, tí mo pa ojú dé, màá rí ọ̀nà tó gba Ìkàrẹ́ wá sí Ọ̀kà, bó ṣe ń gun òkè tó ń ṣẹ́ kọ́nà, àwọn àpáta tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí àgbà, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Màá gbóòórùn ewé tútù tí wọ́n fi bo obì. Màá rántí òtútù ọyẹ́ lórí òkè wa, tí Ìyé máa ń da aṣọ bora títí dé etí, tí wọ́n á ní, "Ti òyìnbó ò lè ju èyí lọ." Ó jù ú lọ, ṣùgbọ́n tiwa ló ń wù mí. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó wà lájò ń rántí àwọn nǹkan ńlá. Ihò ìdí balùwẹ̀ ni mò ń rántí, àti bí Ìyé ṣe ń pariwo pé kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí. Ojú tèmi ni ìyá mi sì ń béèrè, n kò rí i fún wọn.

Dúpẹ́ pè mí ní àárín ọ̀sẹ̀. "Àǹtí mi, dókítà ní oògùn yìí kàn ń dá a dúró ni. Ó ní bí irú ìrora ọjọ́sí bá dé sí ọ̀tún, ó lè ṣe é bó ṣe ṣe òsì. Ìyé sì ti ń fọ yàrá yín."

"Wọ́n ń fọ kí ni?"

"Yàrá yín. Wọ́n ní ẹ ń bọ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Ìyé jókòó síwájú fóònù pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára. Wọn kò tiẹ̀ sọ pé mo sanra lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọjọ́ wo lò ń bọ̀?"

"Ìyé, mi ò lè wá báyìí." Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé náà, mo ń yí i po, Gẹ̀ẹ́sì ń bọ́ sí i níbi tí kò yẹ. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Nígbà náà, màá dúró," ni wọ́n wí. "Mo ti dúró tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí o bá yọjú, wọ́n á yọ ọ́."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. "Ìyé, bí mo bá wá yọjú, tí ojú yẹn ti lọ, kí lẹ máa fi rí mi?"

Fóònù yẹ̀ lọ́wọ́ Dúpẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo páálí àjà ilé wa, pẹ̀lú ibi tí òjò ti jò sí i láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ń sunkún, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Nígbà tó pẹ́, ohùn Ìyé dé. "O ti kọ́ ẹnu níbẹ̀ un." Wọ́n fọn imú. "Dúpẹ́, bá mi wá ìró tó mọ́. A ń lọ Ọ̀wọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù dání lẹ́nu iṣẹ́, inú àpótí ìkó-ẹrù ni mo tì í mọ́. Mo gbé tíì fún Màmá Dọ́rọ́tì. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé e kalẹ̀.

"Iyọ̀ lo fi sí i."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé fún wọn. Wọ́n ní kí n jókòó, èmi tí wọn kò gbọdọ̀ bá níjòókòó lẹ́nu iṣẹ́. "Kò dùn mí rárá," ni wọ́n wí. "Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń rí, àwọ̀ pupa, àwọ̀ búlúù, bí ẹní wà nísàlẹ̀ odò tó ń wo òkè. Sọ fún ìyá rẹ kí ó má fi ọwọ́ ra ojú náà o, bó ti wù kó yún un tó. Kí lò ń pe ìyá rẹ?"

"Ìyé."

"Ìyé," ni wọ́n tún pè é. Ó bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́nu wọn ju bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń pè é lọ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí ọ̀gá fi kọjá.

Nígbà ìsinmi, mo ṣí àpótí náà. Dúpẹ́ ti fi ohùn ránṣẹ́. "Àǹtí mi, wọ́n ti ṣe é tán o! Ìyé ń bá nọ́ọ̀sì jà pé ebi ń pa àwọn. Wọ́n ní dókítà ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti pé kò mọ orin náà dáadáa." Mo dúró sáàárín àwọn kóòtù tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀, mo fi aṣọ ẹni ẹlẹ́ni bo ojú mi, mo sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ kejì kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, n kò sì retí pé wọ́n máa fi fídíò pè mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń múra sílẹ̀ ni: màá wé gèlè dáadáa, màá pa atíkè, màá fi ẹ̀yìn sí fèrèsé. Lọ́jọ́ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Fèrèsé wà níwájú mi, orí mi wà láìwé. Mo ṣe bí Dúpẹ́ ni, mo tẹ̀ ẹ́.

Ojú Ìyé ló kún fóònù. Wọ́n ti ṣí báńdéèjì. Ojú òsì wà bó ṣe wà. Ti ọ̀tún pọ́n díẹ̀, ó ń ṣomi, ṣùgbọ́n ó là rekete, èmi ló sì ń wò.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, Ìyé. Ṣé kò dùn yín? Dókítà ní…"

"Má sọ̀rọ̀ ná. Kọjú sí ìmọ́lẹ̀."

Mo kọjú sí fèrèsé.

"Yí síhìn-ín."

Mo yí.

"Yí sọ́hùn-ún."

Mo mọ ohùn náà. Ohùn ìdí apẹ̀rẹ̀ obì ni. Mo yí sọ́hùn-ún, mo dúró, n kò lè mira.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà?" ni wọ́n wí.

"Ìyé…"

"Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà? Irun iwájú orí rẹ ti ń funfun. Egungun ọrùn rẹ ti yọ síta. Ta ló sọ fún mi pé o sanra?"

"Ẹ̀yin ni," ni Dúpẹ́ fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn. Ìyé kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí àtàǹpàkò wọn ń bọ̀, ó ń tóbi, wọ́n gbé e lé ibi tí ojú mi wà, wọ́n ń ra á lára díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bo ojú kámẹ́rà tí gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ohùn wọn nìkan ló kù.

"Ó tó. Mo ti rí ọ. Ìgbà wo lo máa yọjú?"

*Láìpẹ́* dé orí ahọ́n mi, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń ríran ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Mi ò mọ̀, Ìyé. Mi ò tíì mọ̀."

Wọ́n gbé àtàǹpàkò kúrò. Ojú náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò mí.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Mo ti ní ojú tí mo máa fi wo ọ̀nà."